Ìwé Ta-ni-ẹ́ Akọ̀wé

"Ta wá ni mò ń kà níbí yìí?"

Tíṣà àgbà ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún gbé e wọ̀, ó wá na ìwé náà jìnnà sí ojú bí ẹni pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á yàtọ̀ tó bá wò ó láti òkèèrè. Àǹtí tó ń dirun níwájú dígí dá ọwọ́ dúró. Ìyá Ìbejì tí wọ́n ń dirun fún, tí kò lè yí ọrùn nítorí pé orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ onídìrí, ń fi ojú wá ẹni tí wọ́n ń bá wí nínú dígí. Ẹni tí wọ́n bi gan-an, ìyẹn Akọ̀wé, tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ni ìbéèrè kàn.

Tíṣà dúró títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rọra fi ìwé náà lélẹ̀ lórí tábìlì, bí èèyàn ṣe ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sílẹ̀. Ó ní, "Gírámà rẹ̀ dáa. Mi ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀." Ó mú agbòjò rẹ̀, ó sì kọjá lọ sí yàrá tó háyà lẹ́yìn ilé àwọn Akọ̀wé.

Ìyìn yẹn dun Akọ̀wé ju èébú lọ.

Ṣọ́ọ̀bù méjì ló wà nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn. Apá ọ̀tún jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń dirun: dígí ńlá kan, àga díẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú irun gbẹ tó dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, àti òórùn ìpara tí kì í kúrò lára aṣọ. Apá òsì jẹ́ ti Akọ̀wé: kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ, àti bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Kò sí nǹkan kan tó pààlà láàárín wọn. Ẹni tó bá wá dirun á gbọ́ àṣírí ẹni tó wá tẹ̀wé, ẹni tó wá tẹ̀wé á sì gbé irun onírun lọ sílé lára ẹ̀wù.

Ìmọ̀ omi ni Akọ̀wé kọ́ ní yunifásítì, bó ṣe ń ṣàn lórí ilẹ̀ àti bó ṣe ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Ó kàwé tán, kò ríṣẹ́ omi, ó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lójú kan ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Láti kékeré, bó bá rí àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù, oúnjẹ ò ní wọ̀ ọ́ lọ́fun àfi tó bá ṣí i. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ẹ̀kọ́ lókè òkun, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà sì ń ní kí oníkálukú kọ ojú ewé kan nípa ara rẹ̀, ta ni, kí ló fẹ́, kí ló sún un dé ìdí rẹ̀, ọ̀dọ̀ Akọ̀wé ni gbogbo wọn sáré wá. Ìwé ta-ni-ẹ́ ni àdúgbò sọ ọ́. "Akọ̀wé, ẹ bá mi ṣe ìwé ta-ni-ẹ́ mi." Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á la ẹnu, wọ́n á ní àwọn ò ní nǹkan kan láti sọ.

Ibẹ̀ gan-an ni Akọ̀wé ti máa ń gbádùn ara rẹ̀. Á bi wọ́n, á yí ìbéèrè po, á tún un yí, bí ẹni tó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wá inú àgádágodo, títí nǹkan á fi dún kọ̀ọ́. "Ọjọ́ wo ni?" Ìbéèrè tó fẹ́ràn jù nìyẹn. "Ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà, ọjọ́ tí o mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ fayé rẹ ṣe nìyí. Wá ọjọ́ yẹn fún mi, èmi á wá gbogbo ìyókù." Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò ní ọjọ́ kankan, tí ayé wọn ti ń lọ geere láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Àwọn yẹn ni Akọ̀wé máa ń bù fún nínú tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ó fún nọ́ọ̀sì kan ní ìyá àgbà rẹ̀ tí ojú rẹ̀ fọ́, tó máa ń di èjìká rẹ̀ mú bí wọ́n bá ń rìn. Ó fún ọmọkùnrin kan tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní rédíò bàbá rẹ̀ tó tú palẹ̀ tí kò lè tò padà, tí bàbá ò bínú, tó jókòó tì í títí wọ́n fi jọ tò ó. Ó fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ tí bàbá náà kú. Kò kà á sí nǹkan bàbàrà. Aládùúgbò tó bá wá tọrọ iyọ̀, ta ní í lé e padà?

Ìgbà tó wá kan òun alára ló ṣí ìkòkò iyọ̀, tó rí i pé ìdí ìkòkò ni òun ń wò.

Ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ yìí, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ omi dé góńgó ni. Wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n ti gba ìwé àwọn tó jẹ́rìí sí i; ojú ewé kan yẹn péré ló kù. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìkànnì wọn máa tì, wọ́n sì ti kéde pé lẹ́yìn ọdún yìí àwọn ò ní gba àjèjì sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mọ́. Bí ọjọ́ náà bá lọ, ó lọ nìyẹn. Akọ̀wé ti kọ ojú ewé náà, ó ti fà á ya, ó ti tún un kọ. Èyí tí Tíṣà kà, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Láti ìgbà èwe mi ni ìfẹ́ ìmọ̀ ti gba ọkàn mi kan," òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe ọmọdé rí ló lè ni ín.

"Àbúrò," Àǹtí pè é, "o ò dá Tíṣà lóhùn."

"Kí ni kí n sọ?"

"Orúkọ rẹ ṣáà."

Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o. Bí mo bá mi orí, irun á wọ́."

Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ojú ọ̀run tó ń ṣú, ó padà wá jókòó, ó tún dìde.

"Jókòó sójú kan, jàre," ni Àǹtí wí. "Ò ń ṣe bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí."

"Iná ń bẹ lórí òrùlé, ẹ ní kí n lọ sùn."

"Ta ló ní kó o sùn? Kọ ti omi, kó o sinmi. Ọjọ́ tí omi wọlé. Ṣé ìyẹn náà wá le ni? Ẹni tó ń wá ẹ̀kọ́ omi, tí omi ti fẹ́ gbé lọ rí!"

Akọ̀wé dákẹ́. Ó dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn dáadáa, láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá ẹni tó ń jí ṣúgà nínú ilé. Ó yí padà tòun ti òòyà lọ́wọ́.

"Àbúrò. Ta lo fún?"

"Ọmọ kápẹ́ńtà."

"Èyí tí ilé wọn wà lórí òkè? Ibo ni omi ti rí ilé wọn wọ̀? Àfi bí omi bá ti ń gun àtẹ̀gùn láyé ìsinsìnyí!"

Ìtàn náà ò gùn. Wọ́n wà ní kékeré, ìyá wọn ò sí nílé. Àǹtí ti fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, dókítà ti fi sìmẹ́ǹtì funfun dì í, kò lè rìn. Òjò wá dé. Akọ̀wé, bó ti kéré tó, fi gbogbo agbára fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun orí tábìlì, àwọn méjèèjì sì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń wo bí bàtà ṣe ń léfòó nínú yàrá. Ohun tó ya ọmọ náà lẹ́nu láti orí tábìlì ni pé omi ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé rárá. Láti inú ilẹ̀ ló ti ń ru sókè.

"Ṣé ìtàn tèmi náà kọ́ ni?" Àǹtí ti ń pariwo. "Èmi ni mo wà lórí tábìlì! Ẹsẹ̀ mi ni! Ta ni ọmọ kápẹ́ńtà wá ní òun fà gun tábìlì?"

"Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin."

"Kò ní àbúrò ọkùnrin!"

"Ó ti ní."

Ìyá Ìbejì fi aṣọ tí wọ́n dà bò ó lọ́rùn bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"O sọ mí di ọmọkùnrin," Àǹtí ń wí, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun bínú. "O lu ara rẹ ta ní gbàǹjo, o tún wá so èmi mọ́ ọn. Ó dáa, kí ni ọ̀hún ń kọ́ níbẹ̀?"

"Kò mọ ohun tó fẹ́ kọ́ nígbà yẹn. Èmi ni mo ní kó lọ kọ́..." Akọ̀wé yí ojú sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. "Omi. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni."

Ẹ̀rín Ìyá Ìbejì dá.

"Bóyá kò lo gbogbo rẹ̀," Akọ̀wé sọ fún ara rẹ̀ ju fún wọn lọ. "Bóyá ó yí i padà." Ó fa fóònù yọ, ó pè é. Fóònù náà ti gbó, ẹni tó bá fẹ́ fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àfi kó jẹ́ kó máa pariwo síta. Bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ṣe bá wọn jókòó sí ìpàdé nìyẹn.

"Bùọ̀dá Akọ̀wé! Ẹ káàsán o! Àbí ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ni, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí oòrùn dé lọ́dọ̀ yín."

"Káàsán. Ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Mo máa ń sọ fún bàbá mi pé..."

"Ìtàn omi yẹn," Akọ̀wé já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ṣé o yí nǹkan kan padà níbẹ̀ kó o tó fi ránṣẹ́?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní bí mo bá fọwọ́ kan kómà kan pẹ́nrẹ́n, kí n má wá bá yín mọ́. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe fi ránṣẹ́. Ó sì dùn mọ́ wọn o! Ọ̀gá wa kan níbí, títí dòní ló ń béèrè àlàáfíà àbúrò mi."

"Kí lo máa ń sọ?"

"Mo ní ẹsẹ̀ ti san. Mo ní ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù."

"Mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù o!" Àǹtí fi òòyà gbá itan ara rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ ni," Akọ̀wé dáhùn.

Ohùn ọmọ kápẹ́ńtà wálẹ̀. "Bùọ̀dá, kí ló dé tí ẹ fi ń béèrè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ lò ó."

Akọ̀wé ń yí ìwé tí Tíṣà fi sílẹ̀ po lórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan níbí tó máa ń fi ìwé wé ìwé. Bó bá rí méjì tó jọra, wọ́n á lé ẹni tó wà nínú ilé jáde, ẹni tó wà níta ò sì ní wọlé."

"Mi ò ní lò ó."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Mo ní mi ò ní lò ó. Fọkàn balẹ̀."

"Ẹ má bínú sí mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ tiẹ̀ mọ nǹkan? Mo máa ń lálàá tábìlì yẹn. Omi á máa ru bọ̀ láti inú ilẹ̀, bàtà á máa léfòó. Tí mo bá jí, ẹsẹ̀ mi á ti tutù."

Akọ̀wé pa fóònù, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì. Báwo lèèyàn ṣe ń bínú sí ẹni tó ń báni lá àlá ẹni?

Ó ṣí àwọn ìwé tó ti kọ fún àwọn èèyàn lórí kọ̀ǹpútà, bóyá ó ṣì máa rí ohun kan tó ṣẹ́kù. Ó ka ti nọ́ọ̀sì, ó rí ìyá àgbà rẹ̀. Ó ka ti oníṣẹ́ iná, ó rí rédíò. Ó ka ti ẹnì kan tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, tí òun tiẹ̀ ti gbàgbé, ó bá ẹkún tí òun sun ní ìpele kẹfà nílé ìwé, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn olè kan òun. Ṣe ló dà bí ẹni tó wọ ilé ara rẹ̀ tó bá àlejò lórí gbogbo ẹní, tí ẹni tó jí nínú wọn sì ń bi í pé, "Ta lẹ̀ ń wá?"

Aago mẹ́rin ti kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun irọ́, ohun tí kò jẹ́ ṣe fún oníbàárà kankan rí, nítorí pé gbogbo ohun tó fún wọn, bí kò tilẹ̀ jẹ́ tiwọn, ó kúkú ṣẹlẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kànga kan wà lẹ́yìn ilé àwọn, pé kànga náà gbẹ lọ́dún kan...

"Kànga wo?" Àǹtí ti yọjú lé e léjìká. "Níbo la ti ní kànga?"

Ó pa á rẹ́.

"Dìde níbẹ̀," ni Àǹtí wí. Ó yí sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì. "Ẹ bá mi mú sùúrù díẹ̀."

"Ẹ máa ṣe é lọ. Ibo ni mo fẹ́ gbé orí ìdajì yìí lọ?"

"Kí lẹ fẹ́ ṣe, Àǹtí mi?" Akọ̀wé béèrè.

"Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èmi ni Akọ̀wé báyìí."

Ó jókòó sórí àga àbúrò rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan lé orí èkejì, ó fi ìka gbo irùngbọ̀n tí kò ní, bí Akọ̀wé ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ti ìwé ta-ni-ẹ́ ni?"

"Ẹ bi í bóyá ó ti níyàwó," Ìyá Ìbejì dá sí i.

"A máa débẹ̀. Kí lẹ fẹ́ lọ kọ́, sà?"

"Omi," Akọ̀wé dáhùn. Orí bẹ́ǹṣì náà le ju bó ṣe rò lọ.

"Kí ló dé?"

"Nítorí pé omi ni ìpìlẹ̀ ìwàláàyè gbogbo ẹ̀dá..."

"Ṣíọ̀! Ìyẹn ti sú bẹ́ǹṣì yẹn gan-an. Òmíràn?"

"Mo fẹ́ ran àwùjọ mi lọ́wọ́."

"Gbogbo yín lẹ ń ran àwùjọ lọ́wọ́, àwùjọ ò sì tíì dìde. Ó dáa. Ọjọ́ wo ni?"

Akọ̀wé wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà, sà. Ọjọ́ tí ẹ mọ̀. Ẹ wá ọjọ́ yẹn fún mi."

"Kò sí ọjọ́ kankan, Àǹtí mi."

"Kò lè ṣe kó má..."

"Mo ní kò sí!" Ohùn rẹ̀ ya mọ́ ọn lẹ́nu. "Gbogbo ọjọ́ tí mo ní ni mo ti fún wọn. Èyí tó kù, ọjọ́ lásán ni. Mo jí, mo ṣiṣẹ́, mo sùn. Ta ni wọ́n máa gbé kọjá òkun nítorí pé ó jí, tó sì ṣiṣẹ́?"

Àǹtí sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Kò fọwọ́ pa irùngbọ̀n mọ́. Ìyá Ìbejì náà ti yíjú sí dígí, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ẹni tí kò bá ní ọjọ́," Àǹtí rọra béèrè, "kí lo máa ń ṣe fún un?"

"Mo máa ń fún un ní tèmi."

"Ó dáa. Gba tèmi." Ó fa àga sún mọ́ ọn. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dirun fún èèyàn, tí mo dì í le tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ ò lè pa dé mọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣe. Gbà á. Mi ò lò ó fún nǹkan kan."

"Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé mo dirun?"

"Yí i sí omi. Mo kúkú fi omi fọ orí náà kí n tó dì í."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Akọ̀wé, ó sì kù díẹ̀ kí omijé bọ́ lójú rẹ̀ náà. Kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ jáde. Kò tíì mọ̀ tí ohùn ìyá wọn fi dún láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí! Òjò! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Òjò ti ń rọ̀ lóòótọ́, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí kì í pariwo lórí páànù. Màámi ń rán ìrọ̀rí tà, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń kó àpò òwú rẹ̀ sí. Òwú tí omi bá sì ti kàn, ó di ohun tí wọ́n ń dà nù.

"Màámi, ó ku díẹ̀ kí wọ́n tì í mọ́ mi!" Akọ̀wé ké padà. "Mò ń kọ̀wé lọ́wọ́!"

"Omi ò mọ̀wé. Wá gbé àpò."

Kò sí ẹni tó ń bá Màámi jiyàn lórí òwú. Akọ̀wé sáré lọ, ọkàn rẹ̀ wà lórí aago, Àǹtí tẹ̀lé e, Ìyá Ìbejì náà dìde tẹ̀lé wọn, wọ́n ti di apá kan orí rẹ̀, apá kejì dúró ṣánṣán. Màámi ti ká ìró sókè, ó ń to búlọ́ọ̀kù lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí wọ́n lè gbé àpò lé e.

"Màámi, ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀," Àǹtí wí. "Ó ti tó."

"Kò tó. Ẹ gbé e ga sí i."

"Ẹ gbà mí o," Ìyá Ìbejì ní, "ṣé òjò tó dà bí itọ́ yìí náà lẹ ń sá fún? Èyí tó rọ̀ lánàá tó fẹ́ ṣí òrùlé ńkọ́?"

"Èyí àná ò lè ṣe wá ní nǹkan. Ìlà pupa ni tiẹ̀ máa ń dé. Èyí kékeré tó bá tẹ̀lé ńlá gan-an lolóríburúkú ẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé ni, ó tún lè kọjá bẹ́ẹ̀."

"Ìlà wo?"

Màámi na ọwọ́ sí ògiri láìwo ibẹ̀, bí èèyàn ṣe ń na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀.

Ìyá Ìbejì sún mọ́ ọn. Láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi ìbàdí, ìlà kéékèèké ló kún ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, pupa, aláwọ̀ ewé, elésè àlùkò, òmíràn ń dán, òmíràn ti ṣá. Àmì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: àmì kínkín kan bí wóró iyanrìn fún òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, òrùka fún òjò ńlá, òrùka tí àmì kínkín wà nínú rẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀lé ara wọn.

"Ta ló kun ògiri yín báyìí?"

"Ta ni ì bá tún ṣe?" Màámi fi àgbọ̀n júwe Akọ̀wé tó ń gbé àpò bọ̀. "Òun náà ni. Láti ilé ìwé girama. Bí omi bá ti lọ tán, á kúnlẹ̀ síbẹ̀, á fa ìlà. Kútẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń kun èékánná fún èèyàn ló máa ń jí lò."

"Háà!" Àǹtí sọ àpò kalẹ̀. "Mo ti lé oníbàárà kan nítorí kútẹ́ẹ̀sì yẹn!"

"Omi kì í pa á rẹ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn," Akọ̀wé sọ, ó ń mí hẹlẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yára."

Màámi ò gbọ́. "Òun ló wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, Màámi, òjò ńlá kọ́ ló ń wọlé wá bá wa o, kékeré tó tẹ̀lé e ni. Mo ní kó gbé ẹnu sọ́hùn-ún. Nígbà tí òwú mi bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ni mo wá ń wo ìlà ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, òwú mi ò tutù mọ́."

"Kí ló wá fà á?" Ìyá Ìbejì béèrè lọ́wọ́ Akọ̀wé. "Kí ló dé tí kékeré fi ń ju ńlá lọ?"

"Ilẹ̀ ti mu yó láti àná. Ohun tí gbogbo èèyàn á sọ nìyẹn." Akọ̀wé gbé àpò náà lé orí búlọ́ọ̀kù, ó fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró. "Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ẹ wo èyí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka lé ìlà elésè àlùkò kan. "Ọ̀gbẹlẹ̀ la wà nígbà yìí. Òjò kankan ò ṣáájú rẹ̀. Wínníwínní lásán ló rọ̀, omi sì dé ibí. Ẹ tún wá wo èyí, òjò ńlá méjì ló tẹ̀lé ara wọn, kò kọjá kókósẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń mu yó, kò yẹ kó rí báyìí. Omi náà ń ti ibòmíràn bọ̀. Ó ń gba abẹ́ wa kọjá, ibì kan wà tó ń dúró sí, tí nǹkan kan á wá tì í sókè. Mo kọ́kọ́ rò pé gọ́tà òpópó ni, mo lọ da omi aró sínú rẹ̀, mo dúró títí, aró ò jáde níbí. Mo wá rò pé..."

Ó ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, ó ń fi ìka sáré láti ìlà kan sí òmíràn, ó ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Kò rántí aago mọ́. Nínú ibi tí sìmẹ́ǹtì ti ya lẹ́bàá ògiri, omi àkọ́kọ́ ti ń yọ, ó tínrín, ó mọ́, kò sì gba ẹnu ọ̀nà wá.

"Kí wá ni?" Ìyá Ìbejì béèrè, òun náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Níbo ló ti ń bọ̀?"

"Mi ò mọ̀," Akọ̀wé dáhùn. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a."

Àǹtí dúró lẹ́yìn wọn, àpò òwú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń wo ògiri tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé.

"Àbúrò," ó ní, "ta lo fún ní ògiri yìí?"

Akọ̀wé gbé ojú sókè wò ó. Ó tún yí padà, ó wo ìlà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọnú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

"Ògiri kẹ̀?" ó ní. "Kò sẹ́ni tó tọrọ rẹ̀."